Ẹ yé kọ "more cheaper": bí a ṣe ń fi nǹkan wé nǹkan lédè Gẹ̀ẹ́sì

Àlàájà kan tó ń ta aṣọ òfì nítòsí Ọjà Ọba n'Ílọrin ló na fóònù rẹ̀ sí mi lọ́jọ́ kan. Ó ti ya àwòrán ẹtù kan àti àlàárì méjì, ó fẹ́ gbé wọn sórí WhatsApp fáwọn oníbàárà rẹ̀ tó wà l'Ékòó àti l'Ábújá. Ohun tó kọ sábẹ́ àwòrán náà rèé:

"Our aso ofi is more finer and more cheaper than everybody own. It is the most strongest of Ilorin."

Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó ti dáa báyìí?"

Ẹni tó bá kà á á mọ ohun tó ń sọ, ìyẹn ò ṣòro. Ṣùgbọ́n àṣìṣe márùn-ún ló wà nínú gbólóhùn méjì yẹn, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ nírọ̀lẹ́ ní Tankẹ, tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún WAEC, irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń kọ. Kì í ṣe pé ọpọlọ wọn ò gbé e. Yorùbá ló ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn, wọn ò sì gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Yorùbá ni màá ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó kan òfin Gẹ̀ẹ́sì kankan.

"Jù" kan, iṣẹ́ mẹ́ta

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ìṣe ni "ga", "wọ́n", "dùn" àti "tutù". "Ó ga": gbólóhùn ti parí. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni "tall" lọ́dọ̀ wọn, kò lè dá rìn, àfi kí "is" tàbí "are" tàbí "was" gbé e: "He is tall."

Tí a bá wá fẹ́ fi ẹnì kan wé ẹlòmíràn, a kì í fọwọ́ kan "ga" rárá. "Jù" àti "lọ" la máa mú tì í: "Ó ga jù mí lọ." Ọ̀rọ̀ náà ì báà kúrú, ì báà gùn, "jù" kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà méjì fún iṣẹ́ yìí: yálà kí wọ́n so àfòmọ́ "-er" mọ́ ìdí ọ̀rọ̀, tàbí kí wọ́n fi "more" síwájú rẹ̀. Ẹyọ kan ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan. "Taller" ti gbé "jù" sínú ara rẹ̀. Ẹni tó bá tún fi "more" sí i ti lo "jù" lẹ́ẹ̀mejì.

Tí mo bá rí "more taller" nínú ìwé ọmọ kan, n kì í fi bírò pupa fà á. Mo máa ń ní kó kà á padà fún mi ní Yorùbá, kó má fo ohunkóhun. "Ó ga jù jù mí lọ." Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, kò sì ní kọ irú rẹ̀ mọ́ títí ọ̀sẹ̀ yẹn á fi parí, ó kéré tán.

Ohun kejì tó wà nídìí "jù" ṣòroó rí ju èyí lọ. Ká ní ẹ wà ní Ọjà Ìpàta, níwájú àwọn aláta. Ẹ lè sọ pé "Ata yìí ta jù", ẹ ò sì ní rà á, nítorí ó ti kọjá agbára yín. Ẹ lè sọ pé "Ata yìí ta ju tàná lọ." Ẹ sì lè nàka sí apẹ̀rẹ̀ kan pé "Èyí ló ta jù." "Jù" ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, etí wa sì mọ ìyàtọ̀ wọn láìronú. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì pín wọn sí mẹ́ta gédégbé:

"This pepper is too hot."
"This pepper is hotter than yesterday's."
"This one is the hottest."

Èyí tó wà láàárín ni àwọn ìwé ń pè ní comparative. Èyí tó kẹ́yìn ni superlative. Èyí àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹ̀sùn ni "too" máa ń gbé wá. Ọmọ kan kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ lọ́dún kan pé "My mother's soup is too sweet." Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ yìn. Ẹni tó ń máàkì á rò pé obìnrin náà da ṣúgà sínú ọbẹ̀ ni. "My mother's soup is very tasty" ló yẹ kó kọ, tàbí "the tastiest" tó bá fẹ́ fi dá àwọn ìyá yòókù lágara.

Nítorí náà, ìgbésẹ̀ kìíní nìyí: kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ bi ara yín pé "jù" wo nìyí? Ṣé ti ẹ̀sùn ni, ṣé ti ohun méjì, àbí ti ọ̀kan láàárín ọ̀pọ̀?

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka sílébù, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu Yorùbá kà á

Iye sílébù tó wà nínú ọ̀rọ̀ ló ń sọ bóyá "-er" la máa lò tàbí "more". Ọ̀rọ̀ onísílébù kan ń gba "-er" àti "-est": "tall, taller, tallest", "cheap, cheaper, cheapest". Ọ̀rọ̀ onísílébù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba "more" àti "most": "expensive, more expensive, most expensive". Àwọn onísílébù méjì ni alágbèéká, màá padà sọ́dọ̀ wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni kíkà yẹn fúnra rẹ̀. Ahọ́n wa ò fẹ́ràn kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ lé ara wọn, nítorí náà a máa ń ki fáwẹ̀lì bọ̀ wọ́n láàárín. Ẹ ní kí ọmọ kékeré kan pe "strong" kí ẹ sì pàtẹ́wọ́ bó ṣe ń pè é: sí-tí-róò-ǹgì. Àtẹ́wọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún! Ó wá ronú pé ọ̀rọ̀ gígùn ni, ló bá kọ "more strong". Lẹ́tà mẹ́fà ló wà nínú "strong" lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìró fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, sílébù kan sì ni. "Thick" náà kan ni, "smooth" náà kan ni, "bright" náà kan ni. Ìró fáwẹ̀lì ni kí ẹ kà, ẹ má ka lẹ́tà, ẹ má sì ka bí bàbá yín ṣe ń pè é.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ò ní wàhálà: ẹ kàn so "-er" mọ́ ọn. "Dark, darker, darkest". "Soft, softer, softest". Tí "e" bá ti wà ní ìparí, "r" tàbí "st" nìkan ló kù: "wide, wider, widest", "fine, finer, finest".

Tí ọ̀rọ̀ onísílébù kan bá parí sí fáwẹ̀lì kan àti kọ́ńsónáǹtì kan, kọ́ńsónáǹtì yẹn á di méjì: "big, bigger, biggest", "hot, hotter, hottest", "thin, thinner, thinnest". Ẹ wo "sweet" àti "cheap" dáadáa: lẹ́tà fáwẹ̀lì méjì ló ṣáájú kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà kò sí ìlọ́po, "sweeter" àti "cheaper" ni. "Thick" àti "long" parí sí kọ́ńsónáǹtì méjì, àwọn náà ò gbà á. "W" ò sì gba ìlọ́po láé: "new, newer", "slow, slower".

Tí "y" bá wà ní ìparí tí kọ́ńsónáǹtì ṣáájú rẹ̀, "y" á di "i": "heavy, heavier, heaviest", "dirty, dirtier, dirtiest", "dry, drier, driest".

Ẹ wá fi aṣọ dán an wò. Ẹtù dúdú ju sányán lọ: "Etu is darker than sanyan." Aṣọ òfì wúwo ju àǹkárá lọ: "Aso ofi is heavier than ankara." Tí ẹ bá lè kọ méjèèjì yìí láìwo ibì kankan, ẹ ti kọjá ìgbésẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọn onísílébù méjì

Àwọn tó parí sí "y" ń gba "-er": "happy, happier", "easy, easier", "busy, busier". Ọ̀pọ̀ àwọn tó parí sí "-ow" àti "-le" náà ń gbà á: "narrow, narrower", "simple, simpler". Bẹ́ẹ̀ náà ni "clever, cleverer", bó tilẹ̀ ń lọ́ ahọ́n.

Èyí tó kù, "more": "more careful", "more honest", "more modern", "more famous". Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá parí sí "-ful", "-less", "-ous", "-ing" tàbí "-ed", ẹ má ronú lẹ́ẹ̀mejì, "more" ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "I am more tired than you", a kì í sọ pé "tireder". Àwọn bíi "quiet", "polite" àti "common" ń gba méjèèjì, wọn ò ní gbé máàkì yín lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé tí ọ̀rọ̀ onísílébù méjì bá rú yín lójú nínú yàrá ìdánwò, ẹ lo "more". Ó ṣọ̀wọ́n kó já yín kulẹ̀.

Àwọn tí ò gbọ́ òfin

Àwọn yìí, àkọ́sórí ni. "Good, better, best." "Bad, worse, worst." "Far, farther, farthest", tàbí "further, furthest". "Little, less, least." "Many" àti "much", méjèèjì ń lọ sí "more, most".

"Worse" àti "worst" ló ń dà wá láàmú jù, nítorí etí wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ "t" tó wà ní ìparí. Tí "than" bá ń bọ̀ lẹ́yìn, "worse" ni láìsí àríyànjiyàn: "The road is worse than it was last year." Tí "the" bá wà níwájú, tí kò sì sí "than", "worst" ni: "This is the worst part of the road."

Èyí tí a lè kà ń gba "fewer", èyí tí a ò lè kà ń gba "less": "fewer customers", "less water". Ọ̀pọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gan-an kì í tẹ̀ lé èyí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó ń máàkì ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí ọ̀rọ̀ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni. Yorùbá ò kọ́kọ́ ń béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ta ló ṣáájú ta la máa ń béèrè. Gẹ̀ẹ́sì ò ní ọ̀rọ̀ kan tó gba ipò "ẹ̀gbọ́n", ló fi jẹ́ pé "senior brother" la máa ń kọ. Gbogbo wa la gbọ́ ọ yé ara wa láti Ọ̀fà dé Ṣàárẹ́, ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, "elder brother" tàbí "older brother" ni kí ẹ kọ.

"Elder" àti "eldest" kò ní iṣẹ́ lẹ́yìn àárín ẹbí, iwájú ọ̀rọ̀ orúkọ ni wọ́n sì máa ń jókòó: "my elder sister", "their eldest son". "Elder" kì í bá "than" rìn. Ẹ má kọ "She is elder than me". "She is older than me" ni. Ilé, ìlú àti ilé ẹ̀kọ́ kò ní "elder" rárá. Ọdún 1975 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀, ti Kwara State University tó wà ní Màlétè sì jẹ́ 2009, nítorí náà: "The University of Ilorin is older than Kwara State University."

"Senior" fúnra rẹ̀ ò gba "than". "To" ló ń gbà: "He is senior to me at work." Bẹ́ẹ̀ náà ni "junior", "superior" àti "inferior". "Prefer" náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe: "I prefer amala to rice."

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: "than", "the", "in" àti "of"

"Than" ni "jù… lọ", "then" ni "nígbà náà". Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ.

"The" gbọ́dọ̀ ṣáájú superlative, àfi tí "my", "your", "our" tàbí orúkọ ẹni tó ni ín bá ti gba ipò náà: "my best friend". Lẹ́yìn rẹ̀, tó bá jẹ́ ibì kan lẹ fẹ́ dárúkọ, "in" ni: "the museum in Esie is the oldest in Nigeria". Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ yẹn, tí wọ́n kó àwọn ère òkúta sí, kò sì sí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Tó bá jẹ́ àárín àwọn ènìyàn tàbí ohun lẹ ti yan ọ̀kan, "of" ni: "the tallest of my children".

Tó bá jẹ́ pé méjì péré ni wọ́n ńkọ́? Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ jẹ́ ká lo ìjàkadì. Ẹni méjì ló wọ ààrin agbo. Yorùbá á ní "Ta ló lágbára jù nínú àwọn méjèèjì?", "jù" tí a máa lò fún ẹni ogún náà ni. Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé kì í lo "-est" fún ẹni méjì: "He is the stronger of the two." Ó dìgbà tí ẹni kẹta bá bọ́ sí i kó tó di "the strongest".

Omi Òwù tó ń já ní Òwá-Kájọlà ń kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. "Owu is one of the highest waterfalls in Nigeria." Ẹ wo "s" tó wà ní ìdí "waterfalls". Lẹ́yìn "one of the", ọ̀pọ̀ ni ọ̀rọ̀ orúkọ gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí láàárín ọ̀pọ̀ la ti mú ọ̀kan. Yorùbá kì í fi ohunkóhun sí ìdí ọ̀rọ̀ orúkọ láti fi hàn pé ó pọ̀, ìdí nìyẹn tí "s" yìí fi ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ sì ṣọ́ra fún "any". "Ilorin is bigger than any town in Kwara" kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí Kwara náà ni Ìlọrin wà, kò sì lè tóbi ju ara rẹ̀ lọ. "Any other town" ni.

Ẹ tẹ́tí sí "ti"

Àṣìṣe Àlàájà tó kù, "than everybody own", Yorùbá lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ tí a bá tẹ́tí sí i. A kì í sọ pé "Ata òní ta ju àná lọ." "Ju tàná lọ" la máa ń sọ. "Oòrùn Ìlọrin mú ju ti Òmù-Àrán lọ." "Ti" yẹn ló ń jẹ́ kó jẹ́ pé ata la fi wé ata, oòrùn la fi wé oòrùn. Níbi tí ẹ bá ti gbọ́ "ti" ní Yorùbá, ẹ wá ibi tí "'s" tàbí "that of" máa wà ní Gẹ̀ẹ́sì: "hotter than yesterday's", "My mother's wara is softer than my aunt's." Tiwọn, ìyẹn ti gbogbo àwọn yòókù, á wá jẹ́ "everybody else's".

"Gan-an", "díẹ̀" àti "tó"

"Very" kì í bá "-er" rìn, kì í sì í bá "more" rìn. "Very bigger" ò sí. "Much bigger" tàbí "far bigger" ni "tóbi jù ú lọ gan-an". "A little bigger" ni tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ díẹ̀.

"Tó" ni "as… as", ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó wà láàárín wọn kì í sì í yí padà: "He is as tall as his father." Kò ga tó bàbá rẹ̀: "He is not as tall as his father." Tí owó nǹkan bá fi ìlọ́po méjì wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀: "It is twice as expensive as before." Ohun tó ń wọ́n sí i lójoojúmọ́ ńkọ́? "It is getting more and more expensive." Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú, "-er" la máa pè lẹ́ẹ̀mejì: "hotter and hotter". Ibí nìkan ni mo mọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbà kí "jù" di méjì, "and" ló sì ń là wọ́n láàárín.

Fóònù Àlàájà

A jọ tún un kọ. "More finer" di "finer", "more cheaper" di "cheaper", "everybody own" di "everybody else's", "most strongest" di "strongest", "of Ilorin" di "in Ilorin":

"Our aso ofi is finer and cheaper than everybody else's. It is the strongest in Ilorin."

Gírámà ti pé. Àlàájà kà á, ó sì mi orí. "Tíṣà, 'cheaper' yìí, ṣé wọn ò ní rò pé gbàrọgùdù ni mò ń tà?" Ó já mi láyà pé òun ló kọ́kọ́ rí i. "Cheap" lè túmọ̀ sí ohun tí kò níye lórí. Mo fún un ní "less expensive", tí í ṣe òdìkejì "more expensive": kò wọ́n tó. "Less" rọrùn lọ́nà kan, ó ń ṣáájú ọ̀rọ̀ gígùn láìbéèrè sílébù, kò sì ní "-er" tó ń bá a dù.

Ó tún wo ìlà kejì. "Gbogbo àwọn ahunṣọ àdúgbò wa ló wà lórí WhatsApp mi o. Tí wọ́n bá rí i pé tèmi nìkan ló lágbára jù n'Ílọrin, ta ló máa bá mi hun aṣọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?" La bá mú "one of the" wọlé, a sì yọ àwọn aládùúgbò kúrò nínú ìlà kìíní pátápátá:

"Our aso ofi is finer and less expensive than you think. It is one of the strongest in Ilorin."

Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí oníbàárà kan láti Ékòó fi fèsì: "How much last?"